Òjò Kì Í Ṣe Àròpọ̀: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Lára Ojú Ọjọ́ Òkè-Ògùn

Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá yóò padà wá. Ìgbà tí yóò dákẹ́ ká lè rí aṣọ sá ni à ń wá. Ọmọ Ṣakí ni mo wá fẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni mo sì ń ṣe. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, apá kan rẹ̀ wá láti inú kíláàsì, apá kan láti oko ọkọ mi, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹnu ìyá ọkọ mi tó ń ṣe èlùbọ́ tà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá mọ agbègbè náà, apá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Láti Ìsẹ́yìn, ẹ máa gba Òkehò, Ìgànná, Ọ̀tu, Àgọ́-Àrẹ dé Ṣakí, kí ẹ tó kọjá sí Ìgbòho, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ló bá a pààlà níwọ̀-oòrùn, ìpínlẹ̀ Kwara sì wà lókè. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe igbó: koríko tó ga ju ènìyàn lọ, igi emi tí à ń fún òrí lára èso rẹ̀, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àti àpáta lóríṣiríṣi. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó, àwọn òkè tó wà ní agbègbè Ṣakí ló ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn yìí náà ló jẹ́ kí ẹṣin rí ẹsẹ̀ sá nígbà ayé Ọ̀yọ́-Ilé. Nínú igbó gúúsù, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ojú ọjọ́ wà lára àwọn ọmọ ogun Aláàfin. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé.

Òjò tó ń rọ̀ ní Òkè-Ògùn lọ́dún kan máa ń wà láàárín 1,000 sí 1,300 mìlímítà. Ti Èkó máa ń lé ní 1,500. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yìí nìkan á ní ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹjọ́ òjò ló máa ń rò. Nǹkan bíi 600 mìlímítà ni gbogbo òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́dún. Ìdajì ti Ṣakí ni! Ṣùgbọ́n tiwọn ń kán díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Tiwa, oṣù bíi méje ló ní, àti nínú méje ọ̀hún, ọ̀sán ọjọ́ kan péré lè da ìwọ̀n tí Lọ́ńdọ̀nù ń rí lóṣù kan sílẹ̀, kí ojú ọ̀run wá le koko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àròpọ̀ òjò kò sọ nǹkan kan fún àgbẹ̀. Iye ọjọ́ tó wà láàárín òjò kan àti èkejì ló ń sọ ọ́, òun náà ló sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń sá èlùbọ́, fún ẹni tó ń pọn omi, àti fún ẹni tó ń kan òrùlé.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé nìyí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Atlantic bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi ló gbé dání. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, eruku ló gbé. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti etí òkun, á kọjá lórí wa, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, á ti dé ẹ̀bá Sàhárà. Lẹ́yìn náà á tún sọ̀ kalẹ̀. Gígòkè rẹ̀ ń lọ́ra, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ máa ń yá. Ìdí nìyẹn tí òjò Òkè-Ògùn fi máa ń fẹsẹ̀ falẹ̀ kó tó dé, tó sì jẹ́ pé bó bá fẹ́ lọ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa fi palẹ̀ mọ́.

Ọmọ kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ma, ẹ ní inú òkun lòjò ti ń wá, òkun sì wà nísàlẹ̀ lápá Èkó. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé apá Ìgbòho ló máa ń ṣú sí?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí pé ojú lọmọ náà fi rí i, kì í ṣe ìwé. Òótọ́ ni. Lójú ẹni tó bá dúró ní Ṣakí, ìlà-oòrùn ni òjò ńlá máa ń gbà wọlé. Omi rẹ̀ ti òkun wá lóòótọ́, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n lókè, ní ìwọ̀n kìlómítà mẹ́ta mẹ́rin sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ mìíràn wà tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń ti òjò náà síwájú. Nítorí náà, òjò tó bá pa Ìgbòho lọ́sàn-án lè kàn wá nírọ̀lẹ́, kó sì máa lọ bá àwọn ará Ṣábẹ lódì kejì ààlà lóru. Èdè kan náà, òjò kan náà.

Ìwúlò ẹ̀kọ́ yìí ò pin sí kíláàsì. Kí òjò bẹ́ẹ̀ tó kán, ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tó já láti inú ìkúùkù náà ló ń bọ́ sílẹ̀, tó sì ń tàn ká iwájú, tó ń ko eruku dìde bí ògiri pupa. Ó máa ń le jù ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ó tún máa ń le bí òjò bá fẹ́ tán, ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Láàárín méjì, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù dáadáa, òjò á máa rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, òjò àkọ́kọ́ lọ́dún kan ló ká páànù kíláàsì mẹ́ta kúrò lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá ìlà-oòrùn ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà àgbàlagbà tó wá tún un ṣe sọ fún wa pé òun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òrùlé láìwo ibi tí oòrùn ti ń yọ: etí páànù tó kọjú síbẹ̀ ni òun ń fi ìṣó dì jù, òun á sì fi wáyà de igi òrùlé mọ́ orí ògiri. Oṣù kejì ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹrin ló ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òjò àkọ́rọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀.

Òjò kan lè rọ̀ ní ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ilẹ̀ á rùn, èsúnsún á bo iná mànàmáná lálẹ́, àwọn ọmọdé á máa ṣà wọ́n, koríko á gbé ewé sókè. Àjèjì á ní ìgbà òjò ti dé. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òjò tó tó ìwọ̀n kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kò sì tún gbàjọba láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Oòrùn oṣù kẹta lè fa omi tó nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún kúrò nínú ilẹ̀ lójúmọ́. Bí òjò 20 mìlímítà bá rọ̀, tí òmíràn kò tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́rin ló tán. Àgbàdo tó bá hù lórí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì jìn, kí ló máa mu?

Ìyá ọkọ mi kò ka mìlímítà kankan, síbẹ̀ bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ọkọ́ ni wọ́n máa ń mú. Wọ́n á wa ilẹ̀ oko wò lójú ibi mélòó kan, wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wọn wọ̀ dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, wọ́n á ní, "Ojú ilẹ̀ ló bù wẹ̀." Àgbàdo kankan ò ní jáde nínú àpò lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹlòmíì bá ti ń gbìn lápá kejì ojú ọ̀nà, kò kàn wọ́n.

Nǹkan kan wà tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀, òun ni pé iṣu kì í retí òjò rárá. Ìgbà tí òjò bá ń parí lọ, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ni wọ́n ti ń kọ ebè sílẹ̀. Wọ́n á ri èbù iṣu sínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì fi koríko tàbí ewé dé orí ebè kí oòrùn má bàa sè é. Èbù náà gbé oúnjẹ àti omi tirẹ̀ dání, ohun tó wà nínú ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ títí òjò yóò fi dé bá a. Àgbàdo kò ní irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú oko kan náà, ọ̀kan lè dúró de ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òmíràn kò lè dúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ pé "òjò ti tó" kò wá ní ìtumọ̀ àyàfi bí a bá sọ ohun tó tó fún.

Lọ́dọọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àsìkò jáde: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò parí, iye tí yóò rọ̀. Mo máa ń ka ti agbègbè wa fún àwọn ará ilé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo ka ọjọ́ ìparí, mo ka iye mìlímítà. Màmá dákẹ́ títí mo fi kà á tán.

"Ìyàwó, wọ́n gbìyànjú. Ṣé wọ́n sọ iye ọjọ́ tí yóò fi dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n sọ ọ́. Abala tó sọ nípa ọ̀dá tó lè já òjò sí méjì wà nínú rẹ̀, èmi ni mo fò ó dá. Láti ìgbà náà, abala yẹn ni mo ń kọ́kọ́ ṣí.

Ọyẹ́ ni àwọn tí kì í gbé ibẹ̀ máa ń bú jù. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, imú á gbẹ, eruku á bo àga. Eruku yẹn kì í ṣe ti ojú ọ̀nà wa. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti àfonífojì Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ nígbà láéláé. Ní òwúrọ̀ oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ó lè tutù dé nǹkan bíi 17 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Ṣakí, torí pé ilẹ̀ wa ga, afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ooru ọ̀sán kò ní ohun tó máa dá a dúró lóru. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, á tún ti kọjá 30. Ọmọ tó ní ikọ́ fée ń jìyà gidigidi lásìkò yìí. N kò ní ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà ló ń jẹ́ ká jẹ àmàlà. Àsìkò rẹ̀ ni gbogbo orí àpáta ní agbègbè wa máa ń funfun fún iṣu. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á kì í sínú omi gbígbóná tí kò hó, wọ́n á bò ó sùn di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé e lọ sá. Gbodo ni orúkọ rẹ̀ bó bá gbẹ, òun ni wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Àpáta dára fún un ju ilẹ̀ lọ: ó ń gbóná láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń pa á lókè, omi kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Nínú ọyẹ́ tó le, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun ti wọlé, iṣu kan náà, oòrùn tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò lò tó ìlọ́po méjì rẹ̀, á sì dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru ló ń gbẹ nǹkan. Kì í ṣe ooru nìkan. Afẹ́fẹ́ tí kò ní omi nínú ló ń gba omi lára iṣu. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yó, ẹ fi sórí iná, á kàn máa lágùn ni.

Ẹ̀kọ́ yìí ní owó nínú. Àwọn obìnrin tó ń ra gbodo lọ sí Ìbàdàn máa ń ṣẹ́ ẹ kí wọ́n tó dá iye. Bó bá ṣẹ́ pẹ̀ẹ́, wọ́n ra á. Bó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, wọ́n á fi sílẹ̀ tàbí kí wọ́n dín owó rẹ̀. Èyí tí kò bá gbẹ dénú á bu nínú àpò, ohun tó ń bu náà sì lè ní májèlé tí iná ìdáná kò lè pa. Nítorí náà, òjò kékeré kan tó bá ṣèèṣì rọ̀ láàárín ọyẹ́ (ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lọ́dọọdún) burú fún wa ju ìjì oṣù kẹrin lọ. Mìlímítà méjì péré ni, kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé á sá jáde lóru pẹ̀lú tàpólì. Òjò yẹn kan náà lè ba òdòdó kaṣú jẹ́, torí àsìkò náà ni kaṣú ń tanná. Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ nìkan ló ń dúpẹ́.

Nípa iná ọ̀dàn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí òjò á fi dé, koríko ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, ọdẹ kan ń lé òkété, bàbá kan ń sun ilẹ̀ oko. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí iná sì jó oko kiri, tó fi mọ́ oko kòkó níbi tí igbó wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní oko tiwa ni pé wọ́n máa ń ro etí oko mọ́ fífẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọkọ́ kò lè bá iná dọ́gba mọ́.

Mo ti sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, nítorí náà mo mọ ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kẹjọ, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Òjò á rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹfà, á fà sẹ́yìn láti ìparí oṣù keje, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Lára ohun tó ń fà á ni pé omi òkun etíkun wa máa ń tutù lásìkò náà, omi tútù láti ìsàlẹ̀ ló ń gòkè wá, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba orí omi tútù kọjá kì í fẹ́ gbéra sókè kó di òjò. Ojú ọ̀run á ṣú, kò ní rọ̀. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ó hàn kedere. Ní Ìsẹ́yìn, ó ṣì hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè ló ń tán: ní Ṣakí, ọdún kan ó hàn, ọdún kejì kò hàn, nígbà tí ẹ bá fi máa dé Kíṣì, òjò méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan. Ìrìn ọjọ́ kan ni nínú mọ́tò, síbẹ̀ kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ ti yí padà.

Wọ́n ń pe ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ìṣòro nínú ìwé, torí pé ó lè ká àgbàdo mọ́. Ní apá Ìsẹ́yìn, mo rí i pé àwọn àgbẹ̀ ti fi ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀gúsí tí wọ́n gbìn sí òjò àkọ́rọ̀, lásìkò yẹn ni wọ́n ń kó o, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a. Àgbàdo àkọ́kọ́ náà ń rí ọjọ́ díẹ̀ gbẹ. Ní Kíṣì tí kò sí àlàfo bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kórè àgbàdo ní oṣù kẹjọ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbẹ ẹ́, tàbí kó tà á ní tútù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń rí owó nínú oṣù kẹjọ láìdá oko, àwọn bàbá tó ń bá ènìyàn dí òjò nígbà ìnáwó. Ọ̀gá kan níbẹ̀ kò tíì kùnà rí ní oṣù kẹjọ. Mo bi í bóyá ó lè bá mi dí ti oṣù kẹsàn-án, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Omi mímu náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni èmi fúnra mi ti jèrè jù nínú iṣẹ́ tí mo kọ́. Àpáta ló wà lábẹ́ Òkè-Ògùn. Omi inú kànga wa, inú iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta náà àti inú ibi tó bá ti là ló ń gbé, ibẹ̀ kò sì jìn. Ní oṣù kejì, ọ̀pọ̀ kànga ti di ẹrẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lè gbẹ́ ẹ kó má bá omi, kí aládùúgbò rẹ̀ sì bá a. Òrùlé wá di kànga. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Páànù tó gùn ní mítà mẹ́wàá tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá, bí òjò 20 mìlímítà bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 2,000 ló ń ṣàn kúrò níbẹ̀. Mo ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó fún àwọn ọmọ, wọ́n lọ wọn òrùlé ilé wọn, àwọn òbí méjì sì wá bá mi nílé pé kí n wá bá àwọn wo ibi tí àwọn lè gbé táńkì sí. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe: ẹ má mu omi òjò méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́ta, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé jíjẹrà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ páànù lọ, kí ẹ fi fọ aṣọ.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ojú ọjọ́ ti yí padà. Òṣùwọ̀n òjò ilé ìwé wa ò tíì pẹ́ tó láti dáhùn. Onímọ̀ ojú ọjọ́ ń fẹ́ àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún kó tó la ẹnu. Pé ayé ń gbóná sí i, ìyẹn ti kúrò ní àríyànjiyàn. Bí ayé bá sì ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ ń lè gbé omi sí i, tí òjò tó bá rọ̀ lè wúwo jù ti tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ó rọ̀ léraléra. Ẹni tó ń ka àròpọ̀ nìkan ò ní rí i.

Ohun tó ń fa àríyànjiyàn nílé wa báyìí ni àgbàdo kejì. Òjò Ìgbòho máa ń dáwọ́ dúró láàárín oṣù kẹwàá, àgbàdo tó wọ́pọ̀ sì ń lo nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹ kà á sẹ́yìn: ẹni tó bá gbìn ín lẹ́yìn àárín oṣù keje ń gbìn ín sínú ẹ̀ẹ̀rùn, àfi bó bá lo irú tó ń tètè gbó, irú èyí tí àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lé lórí, tí kì í tó 90 ọjọ́. Àbúrò ọkọ mi (Bọ̀dá ni mò ń pè é, nítorí ilé ni mo bá a) ní òun ò ní pa ilẹ̀ òun tì nítorí nọ́ńbà. Ó ní òjò ọdún tó kọjá wọ oṣù kọkànlá. Òótọ́ ló sọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ̀ẹ̀kan ló rọ̀, mìlímítà mẹ́rin, lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ó gbin tirẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, irú èyí tó ń pẹ́ gbó. Ọkọ mi gbin ẹ̀wà sí tiwa.